Adájọ́ Tí Kò Béèrè Bóyá Ẹ̀rù Ń Bà Wá

Jẹ́dà, Sáúdí Arébíà,
Ọjọ́ Sátidé.

Lois Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà lọ́hùn-ún, ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò tíì mú ọ jù? Ọlọ́run tó mú ọ la òkun kọjá kò ní jẹ́ kí wọ́n dá ọ padà lọ́wọ́ òfo. Dáadáa la wà, àfi orúnkún bàbá rẹ, àti Bólúwatifẹ́ àbúrò rẹ tó jẹ́ pé bí mo bá sọ Yorùbá sí i, Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ rẹ ló ń bí mi nínú. Lọ́yà rẹ pè pé adájọ́ dá ọ láre, mo ti kúnlẹ̀, mo ti ń dúpẹ́, ló bá ní físà ààbò tó máa jẹ́ kó o lè dúró síbẹ̀ ò tíì sí o. Irú ìdáláre wo wá nìyẹn? Mo bi Màrúf, ọmọ Àlàájà Fáòsíátù aládùúgbò wa, tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Mẹ́kà. Ó ní adájọ́ ò wádìí bóyá lóòótọ́ lẹ̀rù ń bà ọ́ láti padà wálé, bóyá òṣìṣẹ́ tó fi físà dù ọ́ tẹ̀lé òfin ló wò. Òṣìṣẹ́ náà kò tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí! Wọ́n ní ọbẹ̀ jóná, kò tọ́ ọ wò, ó ń béèrè bóyá ẹni tó sè é fọwọ́!

Ìwé tí mo kọ sí adájọ́ ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń bẹ àgbà, mo ní kó foríjì ọ́, ìṣe ọmọdé ni, o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́yà ní kò wò ó, kí n sì dúpẹ́ pé kò wò ó, torí o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ta ló ń dé iwájú adájọ́ láìtọrọ àforíjì?

Lọ́yà wá ní kí n kọ òmíràn fún ẹni tuntun náà, kí n sọ bí a ṣe ń gbé níbí, pé bí ìyẹn náà bá kọ̀, Jẹ́dà ni wọ́n á dá ọ padà sí, torí o ò ní ìwé ìlú mìíràn, ti Nàìjíríà pàápàá. Mo ti kọ ọ́. Mo ní ẹ̀rù kankan ò bà wá, ìwọ lo kàn lójora. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò sí iṣẹ́, tí àwa Kristẹni bá ń jọ́sìn ní pálọ̀ wa, bàtà àwọn àlejò la kàn máa ń kó sínú balùwẹ̀, a sì ń kọrin sínú ìrọ̀rí, Àlàájà á yí tẹlifíṣàn rẹ̀ sókè kí àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn má baà gbọ́ wa. Ọlọ́run á bù kún obìnrin yẹn, ó tún lọ gbàdúrà fún ọ ní Mẹ́kà níbi tí èmi ò lè dé. Ibo ni ẹ̀rù wà nínú ìyẹn? Ìṣọ́ra ni.

Àfi bí lọ́yà ṣe ní kí n kọ orúkọ mi àti àdírẹ́sì ilé wa sí i. Ṣé orí ẹ̀ pé? Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n lé bàbá rẹ níbi iṣẹ́ ni? Mo fi í ránṣẹ́ láìsí orúkọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún bàbá rẹ. Ilẹ̀ tó o tẹ̀ yóò gbà ọ́, ọmọ mi, wàá kọrin sókè níbẹ̀, wàá sì bá wa kọ tiwa mọ́ ọn. Bó o bá ka èyí tán, ya á wẹ́wẹ́. Mi ò kọ orúkọ síbí náà o, o mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí ẹ̀rù ò bà.