Òbòkún Tó Gún Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, ẹ̀yin àti ìyàwó yín? Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, ẹsẹ̀ Màmá sì ti ń san. Ọkọ̀ wa ló tún ń jò.

Lánàá, lórí adágún, Bàbá ki ọwọ́ bọ àwọ̀n, wọ́n ní, "Ẹpìyà ńlá rèé!" Òbòkún ni o, tirùngbọ̀n-tirùngbọ̀n, kò ní ìpẹ́ kankan. Bàbá tó kọ́ wa pé ká má gbá ẹja onírùngbọ̀n mú! Ẹ̀gún rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Mo bá wọn yọ ọ́. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ọmọ ta ni yín?"

Wọ́n ṣì ń dárúkọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín délé, kí Bàbá lè kí yín ní "káàbọ̀", kó má jẹ́ "ẹ káàbọ̀".

Àbúrò yín obìnrin.