Hóró Oògùn Tí Kò Dé Imú

Ilé Màmá,
Dolgellau.
Ọjọ́ Ajé.

Idwal, àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. N kò ní bi ọ́ bóyá o gbádùn, mo mọ̀ pé o kò gbádùn. Kí Ọlọ́run bá wa fún ọ ní ìlera. Èmi ṣì ń rọ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì, aago méjì ọ̀sán, la ó sin Màmá. Mo ti bá àwọn tó ń kan pósí, àwọn tó máa se tíì àti àwọn akọrin sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan ló kù. O ní o kò ní wá, pé ọmọ tí kò rí ojú ìyá rẹ̀ kó tó kú kò lẹ́nu láti kọrin nídìí pósí. N kò gbà.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Màmá wà ló ní kí ẹni tí imú ẹ̀ ń dà má wọlé. O ra oògùn imú dídí lórí pẹpẹ súpámákẹ́ẹ̀tì ní Liverpool, ò ń gbé e mì, ò ń retí kí imú gbẹ kó o lè wá kọrin fún un. Imú kò gbẹ. Màmá kò sì dúró.

Mo lọ bá Eurgain, apoògùn wa, pé kí ló dé tí oògùn náà kò fi ṣiṣẹ́. Ó ní, "Mererid, o tún ti dé pẹ̀lú ìbínú ẹ! Hóró yẹn, inú ìfun ló ti ń tú dànù; èyí tó ń dé imú ò tó nǹkan. Wọ́n ti dán an wò, kò sàn ju hóró tí ò ní oògùn kankan nínú lọ. Ká tiẹ̀ ní imú ẹ̀ gbẹ, ọ̀fìnkìn á ṣì lè ti ara ẹ̀ ran àwọn arúgbó yẹn." Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ òwò, ọjà tí kò bá ṣiṣẹ́, kíá la ń kó o kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé ọ̀fìnkìn ló dá ọ dúró, ẹ̀rín ló rín. "Idwal onímú dídí! Sọ fún un kó lọ sùn." Ó wá ní kí n kọrin dípò rẹ. O mọ ohùn mi. Mi ò tíì parí ẹsẹ kejì tó fi di ọwọ́ mi mú: "Ó tó, Mererid. Jẹ́ kí n sinmi." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Nítorí náà, wá. Kò sí ẹni tó ń yẹ imú wò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, kó sì mú ọ dé ilé láìséwu.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí kò ní ẹlòmíì mọ́,
Mererid.

Àfikún: Gwladys tó ń tẹ dùùrù bi mí bí ohùn orin Màmá tí wàá kọ yóò ṣe ga tó. Mo ní kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀fun rẹ. N kò bi ọ́ kí n tó dá a lóhùn. Kò sí àyè.