Nọ́mbà Tí Bàbá Rẹ Tẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ọmọ tuntun ti ń rẹ́rìn-ín? Ara mi le, àfi orúnkún tó ń ṣe bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo ni ín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká tún ṣọ̀fọ̀ nínú ilé wa.

Má rò pé mo ń sá fún ọ. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni mo ti wọ aṣọ dáadáa, tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ kí n lè rí ojú ọmọ-ọmọ mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun tí o fi ránṣẹ́ ti dé, ẹ̀rọ náà kò ṣí nǹkan kan. Mo nù ún, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní bóyá òun náà ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Mo wá ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-Ti-Tán, nítorí kì í tíì jókòó tí yóò fi sọ pé iṣẹ́ ti tán. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ ilé ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni yẹn ni wọ́n ń pè ní DNS. Àpótí tuntun mú afinimọ̀nà tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti fi ọwọ́ ara wọn tẹ nọ́mbà ti àtijọ́ sínú ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni nọ́mbà yẹn ti kógbá wọlé, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà kò gbà kí ẹlòmíràn júwe ọ̀nà fún òun. Ó ní kí òun pa nọ́mbà náà rẹ́, ó ti tán.

Mo ní kó dìde lórí àga ọkọ mi. Ẹ̀rọ tó ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí bàbá rẹ ti lọ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ṣebí èmi náà ń bi wọ́n láràárọ̀ ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ní màmá, nọ́mbà lásán ni. Mo ní nọ́mbà lásán ni ọjọ́ orí tìrẹ náà, kò sì tíì sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bi í bóyá àyè ẹni méjì wà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó wà, pé bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá dáhùn ni ẹ̀rọ yóò lọ bá ìkejì. Mo ní kó fi ti àpótí ṣíwájú, kó fi ti bàbá rẹ tẹ̀ lé e. Wọn kò ní bínú. Nígbà ayé wọn, ta ni wọ́n ṣíwájú jáde nílé rí? Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń dúró dè wọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tíì sọ pé ó ti tán tí ẹ̀rọ fi ṣí.

Jọ̀ọ́, fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e, nítorí èébú tí mo bú u ju iṣẹ́ tó ṣe lọ. Fi owó òògùn orúnkún sí i.

Pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Bí ojú mi bá pẹ́ kó tó jáde, má pa ìpè náà. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ni ẹ̀rọ yà sí, wọ́n ṣì ń wá awò ojú wọn ni.

Ibikíbi tí o bá ti béèrè ọ̀nà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni yóò dá ọ lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ.