Ẹni tí mi ò gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀

Bàbá mi tí mo ṣì máa ń kí láràárọ̀,

Ẹ ṣáà mọ̀ mí, tí nǹkan bá ká mi láyà, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Láti àná ni mi ò ti jẹun.

Mo ti ríṣẹ́, ṣùgbọ́n adelé ni mo jẹ́. Tíṣà kan lọ bímọ nílé ìwé kan ní Naraguta, wọ́n ní kí n bá a mójú tó kíláàsì rẹ̀ títí yóò fi dé. Àná ni wọ́n ṣe eré ìparí sáà, èmi ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ìtàgé. Ọ̀gá kìlọ̀ fún mi dáadáa: ẹni tí kò bá mú káàdì tí wọ́n fi ń gba ọmọ wá, n kò gbọdọ̀ fún un lọ́mọ.

Wọ́n ń jó ijó Berom lọ́wọ́ ni nǹkan dún gbàà lójú títì. Táyà tírélà ló bẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró wádìí ní Jos? Ẹ̀yin náà, ká ní ẹ ṣì wà láyé, ẹ ó ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín ní Terminus kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé. Àwọn òbí ya bo ẹ̀yìn ìtàgé. Ọmọ ọmọ yín tí mo pọ̀n ń ké lẹ́yìn mi, mo ń rẹ̀ ẹ́, mo na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin kan di Nanret, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, lọ́wọ́ mú. Mo ní káàdì ńkọ́. Ó ti gbọ́ Yorùbá ìlú wa tí mo fi ń rẹ ọmọ, ló bá kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà. Ilé kan náà ni èmi àti ìyá rẹ̀ ń gbé l’Àpáta. Ẹ jẹ́ n mú un lọ.”

Bàbá, mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀.

Ìyá Halima ló tẹ̀ lé e. Ọmọ ti so mọ́ ọn lọ́rùn. Ojoojúmọ́ ló ń wá mú un, mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo fi Hausa sọ fún un pé kó lọ mú káàdì wá nílé. Kò bá mi jà. Ó rọra tú ọwọ́ Halima lọ́rùn, ó sáré padà sínú ariwo yẹn.

Kò pẹ́ ni ìyá Nanret wọlé, káàdì lọ́wọ́. Ó wo àárín àwọn ọmọ, ó tún un wò, ó bi mí pé ọmọ òun dà. Mo ní mo fún aládùúgbò wọn. Èwo nínú wọn? Kí lorúkọ rẹ̀? Mi ò mọ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ó sọ Yorùbá. Ó ń tẹ fóònù, kò wọlé. Mo tún ọ̀já mi so le. Tó bá jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn mi ni wọ́n gbé lọ ńkọ́?

Nígbà tí fóònù wọlé, Nanret ti wà nílé, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́ kó dúpẹ́. Nígbà tí ọ̀gá sì bi mí, mo ní mo ti mọ obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá Halima fi padà dé, bàtà rẹ̀ kan ti já, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó na káàdì sí mi.

“Malama, ki yi hakuri.”

Òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, òun pẹ́.

Bàbá, gbogbo ọdún tẹ́ ẹ lò nílùú yìí, ṣé ẹ ṣe irú ẹ̀ sí ẹnìkan rí? Báwo lẹ ṣe wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì?

Ní Mọ́ńdè, n ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá kí n sọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà n ó wá ìyá Halima lọ. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ má bínú sí mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣàárò yín.