Ìpè Tí Mi Ò Jẹ́

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó gbé mi pọ̀n títí ẹsẹ̀ mi fi ń wọ́lẹ̀,

Mo kí yín o. Ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo dé tẹ́ ẹ fi yọ mí kí n wá máa bá yín yan ẹja. Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní òun á bá mi kọ ọ́ sórí fóònù, mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi, ọwọ́ mi ni màá fi kọ ọ́. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti wà lórí ẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kò pọ̀. Ẹnì kan pè mí, mo gbọ́, mi ò jẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni.

Etí ló fà á. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Eruku ọ̀nà wa ní Báruwà níbí kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kúrò nídìí ààrò lọ́jọ́ kan, nítorí àwọn oníbàárà mi ní Ìgàndó kì í jẹ ẹja ẹlòmíì. Nígbà tí ọ̀fìnkìn máa lọ, ó fi etí mi sílẹ̀ ní dídí. Ti òsì dí pátápátá, ti ọ̀tún dí díẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn ri orí bọ inú agbada omi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ohùn mi á máa dún nínú agbárí mi bí ẹni tó dorí kọ ìkòkò òfìfo. Mo ń gbọ́ ọkàn mi tó ń lù, kì, kì, kì. Tí mo bá mí, màá gbọ́ èémí náà bíi pé ẹlòmíì ló jókòó tì mí tó ń mí.

Mo ṣe ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe fún wa. Mo yọ́ àdín àgbọn, mo kán an sí i lọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi ìyẹ́ adìyẹ ro ó. Kò là. Ìyá Délé, àkọ́bí yín, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ní kí n jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní mi ò lọ. Ó ní ẹja tí mo ń yan gbọ́ràn jù mí lọ. Ẹ mọ ẹnu ẹ̀. Ó ní àwọn aláṣọ funfun ẹlẹgbẹ́ òun nínú ìjọ á gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná, nítorí Ọlọ́run kì í bá ènìyàn fọ etí. Ó fà mí lọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé títí a fi débẹ̀.

Ọmọdébìnrin kan ni nọ́ọ̀sì náà, mo lè bí ìyá ẹ̀. Ó tan iná sí mi létí, ó mirí. Ó ní àdín tí mo ń kán kò lè débi tọ́rọ̀ wà, torí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ló dí, ẹ̀yìn ilé ni. Ó ní ihò tín-ín-rín kan wà láti ẹ̀yìn imú wá sẹ́yìn awọ etí, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tá a bá gbé itọ́ mì, tàbí tá a bá yán, á là, á tún padé. Ọ̀fìnkìn àti èéfín ti mú ẹnu rẹ̀ wú, kò là mọ́, afẹ́fẹ́ ò wọlé, omi sì ti ń sun síbẹ̀. Ó ní kí n máa gbé itọ́ mì dáadáa, kí n máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kí n máa yán. Ó ní kí n di imú, kí n pa ẹnu dé, kí n fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́, kí n má fi agbára ṣe é. Kí n fi omi tí mo ti sè tó ti wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ fọ imú. Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń fín sí imú. Ó ní kí n fi èéfín sílẹ̀ ná, kí n má sì fi ìyẹ́ tọ etí mọ́. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí kò là, tàbí tó ń dùn mí, tàbí tó ń ṣọyún, kí n tètè padà wá, àwọn á fi mí ránṣẹ́ sí dókítà elétí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo délé, mo ti oògùn náà sábẹ́ ìrọ̀rí, mo padà sídìí ààrò.

Kì í ṣe agídí nìkan, Ìyá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lọ́run, mo ti ń gbọ́ yín nínú etí náà. Nínú èémí tí mo sọ yẹn, mo máa ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ha ọ̀fun kẹ́ ẹ tó wọ yàrá. Lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kó lọ. Ṣé ẹ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tusidé kan, Ìyá Délé lọ wẹ̀ nínú balùwẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Èmi ń yí ẹja. Mo wá gbọ́ tí wọ́n pe oríkì mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin àti Ìyá Délé nìkan lẹ ń fi pè mí. Kò ti ọwọ́ òsì wá, kò ti ọwọ́ ọ̀tún wá. Àárín orí mi ni, ohùn yín ni, kedere. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn, torí a ò mọ ibi tí ìpè náà ti ń bọ̀. Ẹ máa ń fi etí ìró yín bò wá lẹ́nu. Mo fi etí ìró mi bo ẹnu. Ó tún pè. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá dà bí ìbínú. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń ka Sáàmù títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ẹja orí ààrò jóná di èédú. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí látìgbà tí mo ti ń yan ẹja.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ẹ́sítà, tísà tó yá yàrá lọ́dọ̀ mi, ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Ìyá Délé nílẹ̀ balùwẹ̀. Ọṣẹ ló yọ̀ ọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Láti ọ̀sán ló ti wà níbẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ló ti yé mi. Àkọ́bí yín ló ń pè mí. Ẹ mọ̀ pé ohùn yín ló jogún. Délé dé láti Ìbàdàn, ó bi mí bóyá mi ò gbọ́ nǹkan kan ni. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé etí mi dí ni. Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Wọ́n ń káàánú mi, wọ́n ń bu omi tútù fún mi. Èmi tí mi ò purọ́ fún yín rí, mo mu omi náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì náà wí, bí ẹni tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀. Mo paná ààrò. Mò ń fín oògùn, mò ń fọ imú, mò ń yán láàárín ọjà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jókòó ti Ìyá Délé ní ọsibítù, mo yán, etí mi dún pọ́. Ó là. Mo gbọ́ fáànù, mo gbọ́ sálúbàtà àwọn nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n mi lórí ibùsùn. Inú orí mi dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́.

Mi ò lè gbé irọ́ náà mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”

Ó ní, “Èmi kọ́. Bí mo ṣe balẹ̀ báyìí, èémí já lẹ́nu mi. Ohùn kankan ò jáde. Inú ni mo ti ń pe Ìyá wa.”

Ó ní kí n dìde nílẹ̀, kí n má sọ fún Délé. A ò tíì sọ ọ́ mọ́ látìgbà yẹn.

Ìyá mi, ṣé ó pè yín, ẹ̀yin náà wá pè mí? Ṣé ẹ ò wá mú mi lọ ni, ṣé ẹ kàn ń rán mi níṣẹ́ sí balùwẹ̀, níbi tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ? Mo padà bi nọ́ọ̀sì ọjọ́sí. Ó ní tí ihò yẹn bá dí, èèyàn lè máa gbọ́ ariwo ara ẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èémí mi ò mọ oríkì mi.

Ìyá Délé ti wà nílé báyìí, ọ̀pá irin ló fi ń rìn. Etí mi dá ṣáṣá. Ohun tó bá pè ni mò ń dá lóhùn. Lánàá, oníbúrẹ́dì pe ẹlòmíì lójú títì, mo ní hóò. Ìyá Délé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ẹ tún pè mí. Ibi tó wù kí ìpè náà ti wá, màá jẹ́ ẹ.

Èmi ni, ọmọ yín olóríkunkun, tó fẹ́ràn yín dé egungun.