Ọtí Tí Ìmọ́lẹ̀ Ò Gbọdọ̀ Kàn

Olówó orí mi,

Mo tún bá bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo fi bo ìgò ńlá tí mo pọn bíà sí nílẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí oòrùn ń ta sí ìgò náà. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án títí tó fi máa hó tán, ẹ kọ etí ikún sí mi, ẹ ní ẹ kàn ń yọjú wò ó ni. Yíyọjú yẹn náà ló ba ti ìṣáájú jẹ́, tó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Ẹ sì ti pe gbogbo ará ibi iṣẹ́ yín wá mu eléyìí.

Ó ti sú mi. Kóòtù iṣẹ́ yín ni mo fi wé ìgò náà báyìí, mo de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ wọ súwẹ́tà jáde. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọtí náà tó hó tán. Tí àárò kóòtù bá sọ yín, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ kí i.