Koríko Tí Mo Ro Lẹ́yìn Ilé, Tí Ìyá Rẹ Fi Di Ẹrù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹun tán kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú, ṣùgbọ́n ó gba kí ènìyàn jókòó. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, àpótí tí o ní ó ń gbé yín gòkè níbi iṣẹ́ kò ní gbàgbé yín sójú ọ̀nà.

Gbogbo wa ń bẹ. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn, ewúrẹ́ ti bímọ. Ohun tí kò gbọ́ràn ni òkun. O rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, a máa ń rìn títí kí a tó dé etí omi. Nísinsìnyí, bí ìyá rẹ bá ń se ọbẹ̀, òkun ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn ará ọ́fíìsì tó ń rí sí etí òkun wá wò ó. Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò tó kún fún àpò, kó ìtàkùn kan wá tí ewé rẹ̀ là bí pátákò ewúrẹ́, tó ń yọ òdòdó àlùkò, àti koríko gígùn kan tó mú bí abẹ. Ó ní ọmọ bíbí etí òkun yìí ni wọ́n, pé àwọn ló ń di iyanrìn mú tí omi kì í fi í rí i kó, pé àwa la ro wọ́n dànù látijọ́. Mo ní bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ bíbí ibí, èéṣe tí n kò rí wọn rí níbi ìpàdé ẹbí. Ó rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n gbìn wọ́n láti ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá rẹ dé etí omi, wọ́n lọ.

Ọmọ mi, o mọ bàbá rẹ. Ṣebí Ro-ó-Mọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ìtàkùn yẹn ti ń rá káàkiri, koríko ti ga dé orúnkún, mo wá rò ó pé ojú á tì mí bí àwọn ará ọ́fíìsì bá padà wá bá ẹ̀yìn ilé mi nínú igbó. Ni mo bá mú ọkọ́. Mo ro ó kanlẹ̀, mo gbá a, mo dáná sun ún, mo tún wọ́n omi sí i kí eruku má baà sọ. Ibẹ̀ mọ́ débi pé bí o bá da ìrẹsì sílẹ̀ níbẹ̀, wàá ṣà á jẹ.

Omi ńlá tó dé lẹ́yìn ìyẹn kò bá ẹni tó máa dá a dúró. Ó gbé iyanrìn, ó gbé ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò ńlá ìyá rẹ lọ. Ìyá rẹ kò pariwo. Ká ló pariwo ni, ìbá sàn. Ó kàn ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì ni, ó ní òun ń bọ̀ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, pé kí èmi àti ọkọ́ mi máa se oúnjẹ fún ara wa.

Mo sáré wá ẹni tó bá mi tẹ fóònù pe ọmọbìnrin oníkoríko. Ó ní kí n ṣí kámẹ́rà fóònù kí òun lè rí ibẹ̀. Mo kọjú fóònù náà sílẹ̀, mo fún un láyè dáadáa kó wò ó tẹ́rùn. Ó ní etí mi nìkan ni òun rí. Nígbà tó dé, tó rí bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tó, ńṣe ló jókòó sílẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa tọ́jú ẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lójú sánmà tó ń wo etí òkun wa látòkè, pé ó ti rí ilẹ̀ tó lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í lọ sẹ́yìn ilé láìdé fìlà.

A tún un gbìn. Ìyá rẹ kò tíì tú báàgì rẹ̀, ó ní òun yóò kọ́kọ́ wo ohun tí omi mìíràn bá ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo ń gé ìtàkùn, tí mo ń tẹ́ ẹ sínú iyanrìn, tí mo ń bò ó. Káfíńtà tó múlé tì wá ń kọjá, ó ní Bàbá Ro-ó-Mọ́, ṣé ẹ ti kú tí wọn ò sọ fún wa ni, tí igbó fi ń hù lẹ́yìn ilé yín. Mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún mi, ni mo bá lọ ro iwájú ilé tirẹ̀, ó wá ń lọgun pé mo fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Àwọn àgbà àdúgbò ti bá wa parí ìjà náà.

Lóṣù tó kọjá yìí, omi ńlá tún gbéra. Mo dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ń wò ó. Ó dé ìdí ìtàkùn, ó fẹsẹ̀ falẹ̀ níbẹ̀, ó tu ìhó díẹ̀ sílẹ̀, ó padà. Iyanrìn ibẹ̀ tún ga sí i ni. Mo wo ìyá rẹ nínú ilé ìdáná tí a tún mọ, kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní kí n yé dúró síbẹ̀ bí òpó, kí n bá òun mú iyọ̀ wá. Ọmọ mi, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, owó ọkọ̀ tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, èmi ni kí o fi ránṣẹ́ sí. Màá fi ra wáyà tí a ó fi sé ewúrẹ́ mọ́ ìta, nítorí ewé náà jọ pátákò wọn, wọ́n rò pé tiwọn ni. Fi ti ìkòkò ńlá kún un. Má gbé e gba báńkì. Owó tí mo kó fún wọn nígbà kan, mo fi yíǹkì sàmì sí i, ìgbà tí mo fẹ́ gbà á, owó ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún mi.

Bí ìtàkùn yìí ṣe ń ta gbòǹgbò ní gbogbo oríkèé tó bá kan ilẹ̀, ibi gbogbo tí ẹsẹ̀ rẹ bá kàn, wàá ta gbòǹgbò. Omi kò ní gbé ọ, ọkọ́ alábòójútó àṣejù kò ní bá ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí wọ́n ṣì ń gbọ́únjẹ fún.